Ilẹ̀kùn Láti Ìsàlẹ̀ Òkun

Panágos, rọra ti ilẹ̀kùn yẹn.
Pákó ọkọ̀ ogun ni; ó ti rì rí,
ó ti gbọ́ ariwo tó ju tìrẹ lọ.
Bí òjò bá ṣú, á wú,
á máa làágùn iyọ̀ bí ẹni tó ń lá àlá,
ogójì ọdún lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ nínú omi.

O ní kí n sọ ti Nafarínò.
Olùkọ́ yín ti kọ ọ́ sára pátákó:
oṣù báyìí, ọdún báyìí, iye ọkọ̀ tó rì.
Kò kọ ọ́ pé kò sí ọkọ̀ tiwa kan ṣoṣo níbẹ̀,
pé àlejò ló bá àlejò jà ní àgbàlá wa,
ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní a ti di òmìnira.

Orí òkè ni mo wà. Mò ń wá ewúrẹ́ kan tó já okùn.
Atẹ́gùn ọjọ́ náà kò tó èyí tí í mi ewé ólífì.
Ọkọ̀ ń wọlé bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ,
ìgbòkun funfun, kò kánjú,
wọ́n ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn
bí ẹni tó fẹ́ jọ jẹun.
Mo ní, wọn ò ní jà. Ta ní í so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó jà?
Ni ìbọn kékeré kan bá ké, tá!
bí ẹni fọ́ ẹyin.
Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ojú ló kù fún mi.
Èéfín bo oòrùn, oòrùn ń táràrà bí afọ́jú.
Òpó ń wó bí igi oko tí a ń ṣán.
Okùn já, òkun gbà á,
okun tán lápá ẹni tó ń wẹ̀.
Lóru, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn dáná sun èyí tó kù,
òru mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ ń lanu,
èmi ò gbóhùn rẹ̀.

Òwúrọ̀, òkú kún etí omi.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń wá Diamánto,
àbúrò mi tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ìkórè ọkà.
Ẹnìkan ní ó ti dé Íjíbítì.
Ẹnìkan ní inú ọkọ̀ ló wà.
N kò rí i.
Ọmọkùnrin kan ni mo rí, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù,
àwọ̀ rẹ̀ bí kóró ólífì,
ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, pákó ṣì wà lẹ́nu irin náà.
Ọ̀tá ni.
Itọ́ ti kún ẹnu mi tí mo fẹ́ tu sí i lójú.
Mo gbé e mì.
Mo fi gèlè mi nu iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀,
mo sin ín sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́,
èyí tí o máa ń gùn, tí èso rẹ̀ dùn jù.
Má bínú.

Àgbà ní ìjà kì í dọlà, orúkọ ní ń sọni.
Ó sọ wá lórúkọ lóòótọ́: orílẹ̀-èdè, àsíá, owó orí.
Ó sì dọlà, fún Thanasúlas òmùwẹ̀,
tó ń bó bàbà lára ọkọ̀ tó rì bí ẹni ń bó àlùbọ́sà,
tó fi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Òun ló fún mi ní pákó yìí nígbà tó ń fẹ́ mi.
Mo gba pákó. N kò gba òun.

Ọdún kejìlá, oníṣòwò kan dé láti Alẹkisáńdíríà.
Ó ní òun rí obìnrin kan níbẹ̀, ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀,
èdè Lárúbáwá ló fi ń bá wọn wí,
ṣùgbọ́n nígbà tó ń ka ẹyin sínú agbọ̀n,
ení, èjì tiwa ló fi kà á.
Kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Òmùgọ̀ ni.

Rọra tì í, Panágos. Má tì í pa.
Bí ìyá rẹ bá bèèrè,
sọ fún un pé ooru ń mú mi.